Ìbéèrè yín: Kí ló kù ní Galveston lẹ́yìn ìjì 1900?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fẹ́ lọ sí Galveston ní Texas, wọ́n ní ìjì kan pa ìlú náà run láyé àtijọ́. Ṣé nǹkan kan ṣì wà tí èèyàn lè fojú rí?

Ìdáhùn: Ó wà dáadáa. September 8, 1900 ni ìjì yẹn jà, ó kéré tán èèyàn 6,000 ló kú, kò sí àjálù irú ẹ̀ tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Seawall létí òkun, ògiri tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1902, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17. Ẹ máa rí ère idẹ ọkùnrin kan níbẹ̀, ó na ọwọ́ kan sókè ọ̀run, ó fi ìkejì gbá ìyàwó ẹ̀ mọ́ra, ìyàwó sì gbé ọmọ dání.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni àmì ìrántí ilé ọmọ aláìlóbìí St. Mary's, lórí Seawall náà, torí àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì tó ń tọ́jú wọn so okùn ìsáṣọ mọ́ àwọn ọmọ àti ara wọn kí omi má baà gbé wọn lọ, sístà 10 àti ọmọ 90 ló kú, ọmọkùnrin mẹ́ta péré ló yè.

Bishop's Palace, ilé olókùúta tí ìjì ò lè wó, ẹ dé ibẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá sì ń rìn láàárín ìlú, ẹ wo àwọn igi óòkù tí omi iyọ̀ pa nígbà ìjì Ike ní 2008, wọ́n ti fi kùkùté wọn gbẹ́ ère.