Ìṣó gún mi, ṣùgbọ́n kò dípẹtà: ṣé dandan ni kí n gba TT?

Ìbéèrè: Aǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bíríkìlà ni mí. Bí ìṣó tó ti dípẹtà bá gún mi ní sáìtì, kẹ́mísì ni mo máa ń lọ kí wọ́n fún mi ní TT kan, abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì. Èyí tó gún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ń dán ni, mi ò sì lọ. Ìyàwó mi lóyún, wọ́n ní kó wá gba TT, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò gún un. Ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n fẹ́ gbà? Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára wo ló tọ́ sí ọmọdé, èwo ló tọ́ sí àgbà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí nítorí ẹsẹ̀ yẹn. Ọsibítù ni mo wí, kì í ṣe kẹ́mísì. Tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú kí iṣan gan, lè fara hàn láàárín ọjọ́ 3 sí 21 lẹ́yìn ọgbẹ́. Bí àgbọ̀n yín bá ń le, tí ẹnu ò fẹ́ là dáadáa, tàbí tí ọrùn ń gan, ẹ má tilẹ̀ ka èyí tán.

Ta ló sọ fún yín pé ìpẹtà ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ, ó sì ti sú mi. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé: nínú iyẹ̀pẹ̀, nínú eruku, nínú ìgbẹ́ ẹran. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Ìṣó tuntun tó bọ́ sílẹ̀ ní sáìtì lè gbé e, ẹ̀gún lè gbé e, àfọ́kù ìgò náà lè gbé e. Ohun tó mú kí ti ìṣó burú ni pé ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, ó sì jìn. Ẹnu rẹ̀ á tètè dí, atẹ́gùn ò ní dé ìsàlẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn ò dé gan-an ni kòkòrò yìí ti ń jí, tó ń pọ̀ sí i, tó ń tu májèlé sínú ara. Májèlé náà ló ń mú kí iṣan gan.

Èyí tó tún burú jù ni TT tí ẹ ń sá lọ gbà lẹ́yìn tí ìṣó bá ti gún yín tán. TT kì í pa májèlé. Ó ń kọ́ ara bí yóò ṣe jà ni, ẹ̀kọ́ náà sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí kò gbà á rí, tó wá gba ẹyọ kan lọ́jọ́ tó fara gbọgbẹ́, kò tíì ní ààbò tó ṣeé gbọ́kàn lé fún ọgbẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè fi abẹ́rẹ́ mìíràn kún un bí ọgbẹ́ bá jìn tàbí tó dọ̀tí. Immunoglobulin ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń kojú májèlé lójú ẹsẹ̀. TT fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì tí òtútù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 2 sí 8 °C. Ẹ bi oníkẹ́mísì yín léèrè ìgbà tí wọ́n múná wá kẹ́yìn.

Mi ò rí ẹsẹ̀ yín o, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n á bi yín pé mélòó lẹ ti gbà, àti ìgbà wo. Káàdì ńkọ́? Ẹ̀yin ọkùnrin kì í sábà ní i. Oyún ló ń mú ìyàwó yín débi abẹ́rẹ́. Kò sí ohun tó ń mú bíríkìlà débẹ̀ àfi ìṣó. Márùn-ún ni àgbàlagbà tí kò gbà á rí máa gbà: àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀kẹrin lẹ́yìn ọdún kan, ìkarùn-ún lẹ́yìn ọdún kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gba ẹyọ kan ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kódà ẹni tí tẹ́tánọ́ọ̀sì bá ṣe tó sì yè é, dandan ni kó gbà á, torí àrùn yẹn lè tún padà ṣe é.

Ti ìyàwó yín: ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà ní ìlera ìjọba. Td ló wọ́pọ̀ báyìí dípò TT, ó tún ń dènà dìfítéríà, àrùn ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ inú ló ń tìtorí ẹ̀ gbà á. Ààbò tí ara ìyá bá ní máa ń kọjá sára ọmọ, kí kòkòrò má bàa gba ojú ìwọ́ wọlé. Ọmọ tuntun tó ń mu ọmú dáadáa, tó wá ṣàdédé kọ̀ ọ́, tí ara rẹ̀ ń gan, àwọn kan á ní gìrì ni, wọ́n á máa wá àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má sì fi nǹkan kan sójú ìdodo ọmọ àfi jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, tí wọ́n bá fún yín.

Tọmọdé kò ṣòro, káàdì á máa sọ fún yín. Lọ́jọ́ ìbí: BCG fún ikọ́ ife, ẹ̀kán omi pólíò, àti ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èyí tó dára jù láàárín wákàtí 24. Ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14: penta (abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, tẹ́tánọ́ọ̀sì wà lára wọn), pólíò, ti òtútù àyà àti ti ìgbẹ́ gbuuru. Ní oṣù 9: èéyi, ibà pọ́njú, yírùnyírùn. Oṣù 15 ni èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ lẹ ti ń sá jù. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 á gba HPV lẹ́ẹ̀kan, torí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn. Kì í sọ ọmọ di àgàn, ẹ jọ̀wọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Bí kò bá sí lára yín, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni. Ti ibà pọ́njú, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ayé. Àwọn arúgbó, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ara kù, kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yẹn o. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó jáde.