Portfolio tí wọ́n ní ó jẹ́ ìròyìn lásán: gírámà kọ́ ni wàhálà

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. O ní olùkọ́ tó ka portfolio teaching practice rẹ (àkójọ iṣẹ́ tó o ṣe nígbà tó o lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò) kọ "too descriptive" sí i, o sì fẹ́ lọ ra ìwé gírámà. Má tíì ná owó yẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé o ròyìn iṣẹ́, o ò sọ ohun tí iṣẹ́ kọ́ ẹ.

Wo èyí tó o kọ: o kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní fraction n'Íléṣà, wọ́n sì gbádùn ẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Ta ló ṣì í ṣe? Kí ló fà á? Ọmọ tó bá ní 1/8 ju 1/4 lọ, 8 àti 4 ló ń wò, kò wo iye ọ̀nà tí wọ́n pín nǹkan sí. Tó o bá gé búrẹ́dì kan sí mẹ́rin, tó o gé irú ẹ̀ sí mẹ́jọ, tó o ní kí wọ́n mú èyí tó tóbi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kọ ìyẹn, kó o sì kọ ohun tí wàá yí padà tó o bá tún un kọ́.

Èdè àjèjì ló ń jẹ́ kéèyàn sá fún apá yìí, torí ìròyìn rọrùn ju àròjinlẹ̀ lọ. Kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ sínú fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbọ́ ọ, mú kókó mẹ́rin, kó o wá kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, kókó kan fún gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni kó o wò: tiwa kì í yí padà bí àkókò bá yí, ìyẹn ni "I teach" ṣe ń yọjú láàárín ohun tó ti kọjá. Lẹ́ẹ̀kejì, wo he, she àti they. "Wọ́n" tá a fi ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá kan ṣoṣo máa ń di they. Tó o bá ní kí ChatGPT kọ gbogbo ẹ̀, á dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣi fraction yẹn ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ní kó tọ́ka àṣìṣe, kó sì sọ ìdí, ó tó.

Má gbọ́kàn lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì họ́sítẹ́ẹ̀lì n'Ífẹ̀: inú Google Docs ni kó o ti kọ ọ́, kó o ti tan offline ẹ̀ sílẹ̀. Dín fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bíi 300KB, má sì fi ojú ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Tó bá jẹ́ orí Google Sites, ìyẹn ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù, lo kó portfolio náà sí, ojú-ìwé náà lè ṣí, kí fáìlì Drive inú ẹ̀ má ṣí fún olùkọ́. Yí Share fáìlì náà sí "Anyone with the link", kó o fi incognito, níbi tí o ò ti wọlé sí àkáǹtì rẹ, dán an wò kó o tó fi ránṣẹ́.