Ìdá àti dẹ́símà: ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ rí i pé ibi kan náà ni wọ́n wà

Mo kí yín, ìyá wa. Ẹ sọ pé ọmọ yín tó wà ní pírámárì karùn-ún lè ṣe iṣẹ́ ìdá, ó sì lè ṣe iṣẹ́ dẹ́símà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé èwo ló pọ̀ jù nínú 1/4 àti 0.3, ńṣe ló máa ń dákẹ́ tí yóò máa wo òkè àjà. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ kọ àtẹ kan fún un tí yóò há sórí, pé 1/2 jẹ́ 0.5, pé 1/4 jẹ́ 0.25, títí lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ní ìṣirò ní Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni mo sì fi ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fún un ní àtẹ náà.

Òfin ni mo máa ń kọ sí ojú pátákó nígbà náà: fi nọ́mbà ìsàlẹ̀ pín nọ́mbà òkè. Àwọn ọmọ ń pín in, wọ́n ń gbà á, èmi náà ń fi bíírò pupa sàmì sí i, inú mi sì ń dùn. Ní ọjọ́ kan ni mo kọ 0.25 àti 0.5 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, n kò dárúkọ pípín rárá, mo kàn ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Ó ju ìdajì kíláàsì lọ tó fa ìlà sábẹ́ 0.25. Mo pe ọmọbìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, mo ní kí ló dé tó fi mú èyí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni n kò mọ ìṣirò, ó ní, "Tíṣà, ṣé 25 kò ju 5 lọ ni?"

Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, torí pé "pọ́ìǹtì tuẹ́ńtì-fáífù" ni mò ń pe 0.25 lójoojúmọ́, etí rẹ̀ sì gbọ́ tuẹ́ńtì-fáífù, kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi òfin de ìpè yẹn ní kíláàsì mi. Ìdámẹ́wàá méjì àti ìdá ọgọ́rùn-ún márùn-ún ni à ń pe 0.25, ìdámẹ́wàá márùn-ún ni à ń pe 0.5. Orúkọ náà gùn, àwọn ọmọ sì máa ń ráhùn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó pe méjèèjì báyìí tán tí kò mọ èyí tó pọ̀ jù kó tó pa ẹnu dé. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi Yorùbá pè é, ẹ má ṣe pè é bí odindi nọ́mbà o. Bí ẹ bá pe 45 inú 0.45 ní márùndínláàádọ́ta, kò sí ẹni tó lè gbọ́ mẹ́rin nínú orúkọ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́rin náà ni ìdámẹ́wàá tí a ń wá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fífi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò yóò fa ọmọ sẹ́yìn. Láti 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdánwò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀.

Ohun méjì wà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ mú, tí èmi náà mú, tí kò sì gbè mí. Èkínní ni owó. Lóòótọ́ ni 100 kọ́bọ̀ ti ń jẹ́ náírà kan láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ìwé ìṣirò sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án òde òní kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ rí. Àyàfi bí ó bá rí ₦10.75 tí báńkì yọ nínú owó òbí rẹ̀ lórí fóònù. Èkejì ni aago, èyí sì burú jù. Yorùbá ń sọ pé aago méjì àbọ̀, a sì ń kọ ọ́ ní 2.30, nítorí náà nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ kọ méjì àbọ̀ ní dẹ́símà, 2.30 ni wọ́n kọ fún mi. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló wà nínú wákàtí, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, àmì yẹn kàn jọ pọ́ìǹtì ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe.

Bébà ló wá gbà mí. Ẹ gé kàlẹ́ńdà àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi gùn tó mítà kan géérégé, ìyẹn 100 sẹ̀ǹtímítà. Tépù télọ̀ lè wọ̀n ọ́n, ẹ ṣáà rí i pé ojú sẹ̀ǹtímítà lẹ ń wò, kì í ṣe ojú íǹṣì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ká bébà náà sí méjì, kó fi èékánná tẹ ojú ìká náà dáadáa, kó tú u, kó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tépù. Ojú ìká náà yóò bọ́ sí 50. Kó kọ 1/2 sí i, kó kọ 50/100 sábẹ́ rẹ̀, kó sì kọ 0.50 tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà kó ká a sí mẹ́rin: 25, 50, 75. Bí ó bá ká a sí márùn-ún, 20 ni yóò rí, bí ó bá sì ká a sí mẹ́jọ, 12 àti ààbọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ọmọ yóò sì sọ fún yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè pé ìdajì 25 nìyẹn. Ibẹ̀ ni 0.125 ti jáde, láìsí òfin kankan.

Ìká sí mẹ́ta ló dùn jù. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó bínú sí bébà rẹ̀. Ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ìdí ìgò yí i mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní rúlà mi ni kò dáa, torí pé ojú ìká náà kọjá 33, ó tún kọjá mìlímítà mẹ́ta lẹ́yìn 33, ó sì tún kù díẹ̀. Mo ní bí a bá pín díẹ̀ yẹn sí mẹ́wàá ńkọ́? Ó ní yóò kọjá mẹ́ta. Bí a bá tún pín èyí tó kù? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, mẹ́ta ni ó ṣáà máa jẹ́ títí." Mẹ́ta kì í pín mẹ́wàá tán láìṣẹ́kù, kì í pín ọgọ́rùn-ún, kì í sì pín ẹgbẹ̀rún, ìdí nìyẹn tí 1/3 fi jẹ́ 0.333 tí kò lópin. Ẹ fi 1/7 sílẹ̀ ní tiyín.

Kíláàsì mi kún fún ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ onímọ́ṣáláṣí, mo sì bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé nínú ₦1,000, èló ni ìdámẹ́wàá? Ọgọ́rùn-ún náírà, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Mo ní sàká ńkọ́? Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ní 25 ni wọ́n ń yọ nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó bá ti lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni. Ìyẹn ni ìdá ogójì, 1/40. Mo kọ 0.1 àti 0.025 sójú pátákó, ọmọbìnrin ọjọ́sí yẹn sì kígbe kí n tó béèrè pé 0.025 ló kéré, nítorí pé 25 kò tó 100. Ó ti ń wo iye kan náà tí a ti yọ méjèèjì, kò tún wo 25 lásán mọ́. Ó wù mí pé Simon Stevin, ọmọ ìlú Bruges tó gbé dẹ́símà lé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù lọ́wọ́ ní 1585, ìdámẹ́wàá gan-an ló pe ìwé kékeré rẹ̀ ní èdè Dutch.

Ní ti ìbéèrè yín, kí ọmọ náà fi ìka kan sí 1/4 lórí bébà, kó fi òmíràn sí 0.3, ìyẹn ojú 30, kó sì sọ èyí tó jìnnà jù sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a ṣe 0.3, 0.30 àti 0.03 pẹ̀lú, torí òdo máa ń da ọmọ láàmú ju bí a ṣe rò lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ tó, kò gbọ́dọ̀ di ìyà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kó bébà náà pamọ́, kí ẹ sì ní kó kọ 3/8 ní dẹ́símà. Bí ó bá ronú lórí ìká mẹ́jọ tó sì kọ 0.375, ẹ lè jẹ́ kó fúnra rẹ̀ kọ àtẹ tí ẹ fẹ́ fún un. Bí ó bá kọ 3.8, ẹ kó bébà jáde padà.