Ẹ Bi Àǹtí: Íńtánṣíìpù yìí ti sú mi, ṣé wọ́n á gé owó ìrànwọ́ mi tí mo bá kúrò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, owó ìrànwọ́ ìjọba ni mo ń gbà. Ọ́fíìsì tó ń san owó yẹn ló ní kí n lọ ṣe íńtánṣíìpù oṣù mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ kan, wọ́n ní màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò owó ilé iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, inú mi dùn, mo fọwọ́ sí ìwé. Àmọ́ látìgbà tí mo ti débẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan kan. Páálí ni mò ń gbé, mò ń ṣe fọ́tòkópì, mò ń gbé fóònù, mo wá gbọ́ pé ẹnì kan ló ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, ó lọ, wọn ò gba ẹlòmíì. Tí mo bá bi ọ̀gá pé ìgbà wo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo wá kọ́, á ní kí n ṣe sùúrù, lọ́jọ́ míì á jágbe mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Ó kù ju ìdajì lọ kó parí. Mo fẹ́ kó ẹrù mi lọ́jọ́ Fráìdè kí n má padà mọ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí torí owó yẹn náà ni mo fi ń jẹun tí mo fi ń san owó ilé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. (Ó ti sú mi)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú ìfaradà. Kí n kọ́kọ́ sọ pé ìwọ kọ́ lo burú. Ilé iṣẹ́ tó bá gba ẹni tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́, tó wá fi dípò òṣìṣẹ́ tó yẹ kó máa sanwó fún, ìrẹ́jẹ gbáà ni, inú ń bí mi gan-an sí i, torí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi àkókò ẹ̀ ṣòfò, àkókò tó yẹ kó fi wáṣẹ́ gidi.

Síbẹ̀ jọ̀ọ́, má kó ẹrù lọ́jọ́ Fráìdè. Mi ò sọ pé kí o jókòó síbẹ̀ máa jìyà o, ohun tí mò ń sọ ni pé bí o ṣe kúrò ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó wo ìdí tí o fi kúrò. Ẹni tó kàn dá iṣẹ́ dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni, lójú ọ́fíìsì yẹn ó ti kọ iṣẹ́ tí wọ́n fún un. Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú, tó ní ibí yìí kọ́ lẹ ní ẹ ń rán mi wá, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i, ẹjọ́ tiẹ̀ yàtọ̀.

O ò sọ orílẹ̀-èdè tí o wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí fara jọra lọ́pọ̀ ibi. Ní Jámánì fún àpẹẹrẹ, òfin dárúkọ ẹ̀ gbangba: tí Jobcenter, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń san owó ìrànwọ́ níbẹ̀, bá fi ẹ́ sí irú ètò báyìí, tí o kọ̀ tí o ò bẹ̀rẹ̀, tàbí tí o dá a dúró lágbede méjì, tàbí tí o hùwà tí wọ́n fi lé ẹ kúrò, wọ́n lè gé owó ẹ àfi tí o bá ní ìdí pàtàkì tí o lè fi hàn. Ẹ wo ìkẹta yẹn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé káwọn kàn máa pẹ́ débẹ̀, káwọn máa ṣe ọ̀lẹ, kí ọ̀gá fúnra ẹ̀ lé àwọn, wọ́n rò pé ìyẹn ò ní di ẹ̀bi tàwọn. Ẹ̀bi yín ló máa dà. Ní ìlú ọba náà, tí Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba ibẹ̀, bá ni o ń gbà, wọ́n á bi ẹ́ bóyá ìdí tó múnádóko wà kí wọ́n tó fìyà jẹ ẹ́.

Ìdí wo ló wá múnádóko? "Kò wù mí mọ́" nìkan ò lè gbà ẹ́ sílẹ̀. Tí ibi iṣẹ́ bá léwu, tí wọ́n ń fọwọ́ kàn ẹ́ níbi tí kò yẹ, tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ẹ, tí àìsàn dé tí dókítà sì kọ ọ́ síwèé, tí kò sẹ́ni tó lè bá ẹ tọ́jú ọmọ, ìwọ̀nyí lágbára. Ti tìẹ náà lè lágbára, ìyẹn pé ohun tí o ń ṣe kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé tí o fọwọ́ sí, àmọ́ ó gba ẹ̀rí. Torí náà lálẹ́ òní yọ ìwé yẹn jáde, kà á, wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé o máa kọ́. Wo iye àkókò tí wọ́n kọ náà o, torí ààlà máa ń wà, ní Jámánì irú ìkọ́ṣẹ́ tí ọ́fíìsì rán èèyàn lọ yìí, ọ̀sẹ̀ 6 ló máa ń mọ, àfi ẹni tó ti pẹ́ tí kò níṣẹ́ tàbí tí ìṣòro ńlá ń dí lọ́wọ́ àtirí iṣẹ́ ló lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Kí o wá mú ìwé kan, kọ ohun tí o ṣe lójoojúmọ́ sí i, aago báyìí mo gbé páálí, aago báyìí mo ṣe fọ́tòkópì, ọjọ́ báyìí mo bi ọ̀gá, ohun tó sọ rèé. Má bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà fi ímeèlì kúkurú ránṣẹ́ sí ọ̀gá, kó má gùn, pé ìwé àdéhùn wa sọ báyìí, ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀? Bó dáhùn bí kò dáhùn, o ti ní nǹkan lọ́wọ́. Ìgbà náà ni wàá kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó fáìlì ẹ, má kàn pè é lórí fóònù nìkan, torí fóònù kì í jẹ́rìí. Ní ìlú ọba inú journal Universal Credit, ìyẹn ibi tí o ti ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí o kọ ọ́ sí, ọjọ́ àti aago á wà níbẹ̀. Ohun tí wàá béèrè kì í ṣe "ṣé mo lè lọ?" Sọ pé kí wọ́n bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n gbé ẹ lọ sí ibòmíì, tàbí kí àwọn fúnra wọn fòpin sí i, kí wọ́n sì fún ẹ lésì lórí ìwé. Tí àwọn bá fòpin sí i, ìwọ kọ́ lo já a jù sílẹ̀ nìyẹn. Títí èsì fi máa dé, máa lọ, máa dé lásìkò. Mo mọ̀ pé ó le, pàápàá pẹ̀lú ọ̀gá tó ń jágbe, àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ yìí lè dá owó oúnjẹ ẹ sí.

Tó bá jẹ́ pé ara ẹ ò gbà á mọ́ rárá, oorun ò wá, àyà ń já ẹ láràárọ̀, lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí o fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ síbi méjèèjì. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń lù ẹ́ tàbí wọ́n ń fi ìbálòpọ̀ yọ ẹ́ lẹ́nu, gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ nípa dídúró, kúrò níbẹ̀ lónìí, kọ̀wé lálẹ́.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá íńtánṣíìpù tiyín, ọ́fíìsì ò rán yín, ó rọrùn díẹ̀ fún yín, àmọ́ ẹ sọ fún ọ́fíìsì kẹ́ ẹ tó kúrò, kẹ́ ẹ sì sọ iye owó tí wọ́n bá ń fún yín níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: Àǹtí, èmi ti kúrò ní tèmi o, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, lẹ́tà ti dé láti ọ́fíìsì, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ṣí i. (Ọmọ yín)

ÌDÁHÙN: Ṣí i báyìí, ọmọ mi. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì gé nǹkan kan, ńṣe ni wọ́n ń ní kí o wá sọ tẹnu ẹ, ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ dáhùn á sì wà níbẹ̀. Dáhùn kí ọjọ́ yẹn tó pé, ṣàlàyé ohun tó lé ẹ kúrò, kódà bó bá ti pẹ́. Tí wọ́n bá ti pinnu láti gé e, ní Jámánì o ní oṣù kan láti kọ̀wé takò ó, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ìwé yẹn nìkan ò ní dá gígé náà dúró, ilé ẹjọ́ ló lè bá ẹ dá a dúró kíákíá tí o bá bẹ̀ wọ́n. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ wọn ti sọ ní ọjọ́ 5 oṣù November 2019 pé gígé 60 nínú 100 tàbí gígé gbogbo ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn ò bófin ìpìlẹ̀ mu, torí èèyàn gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ. Ní ìlú ọba, wàá ní kí wọ́n tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò, oṣù kan náà ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, tí wọ́n bá ṣì kọ̀ o lè gbé e lọ sí tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ adájọ́. Owó pàjáwìrì wà níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n gé tiẹ̀ tí kò rí oúnjẹ rà, àmọ́ wọ́n á yọ ọ́ padà díẹ̀díẹ̀ tó bá yá.

Wá ẹni tó mọ òfin yìí bá ẹ ka lẹ́tà náà, àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ wà. Tí wọ́n bá sì tún pè ẹ́ fún ìpàdé míì láàárín ìgbà yìí, lọ, torí pé o ò lọ lè di ìdí ọ̀tọ̀ tí wọ́n á tún fi gé owó ẹ.