Gìtá bo ohùn mi mọ́lẹ̀, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo ń gbé, yàrá mi ni mo ti ń gba orin rọ́ọ̀kì sílẹ̀, láptọ́ọ̀pù kan àti gìtá oníná mi ni mo fi ń ṣe é, inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń mú dírọ́ọ̀mù. Mo parí orin kan lóṣù tó kọjá, mo wá fi ránṣẹ́ séèyàn mẹ́fà kí wọ́n bá mi gbọ́ ọ bóyá ó ti dáa, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ ti da orí mi rú pátápátá. Ọ̀kan ní gìtá fì sí etí òsì. Ìkejì ní ńṣe ló ń dún bíi pé inú garawa ni wọ́n ti ń ta á. Bọ̀dá tó ń ta bẹ́ẹ̀sì fún wa ní kí n gbé ohùn sókè, mo gbé e sókè, ó tún ní ó ti pọ̀ jù báyìí, pé ó ti dà bí ohùn ẹni tó ń kọrin lé orin ẹlòmíì. Àǹtí mi ní òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tí mo sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi ìlù afrobeats sí i, pé ta ló ń gbọ́ rọ́ọ̀kì. Ẹni tó kẹ́yìn kàn ní "iná ni!" Gìtá yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ta á o, mo kọ́pì ẹ̀, mo gbé ọ̀kan sósì, ọ̀kan sọ́tùn-ún, mo wá sún ti ọ̀tún sẹ́yìn ní mílísẹ́kọ́ǹdì 15 kó lè fẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Olórin inú yàrá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó ku díẹ̀ kí n ní gbogbo wọn ni kó o gbọ́ tiẹ̀, yàtọ̀ sí ẹni tó ní iná ni. Onítọ̀hún fẹ́ràn ẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sọ nǹkan kan tó o lè fi ṣiṣẹ́.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́pì tó o ṣe yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tí ohun kan náà bá ń jáde lósì àti lọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, àárín lèèyàn máa gbọ́ ọ, kì í fẹ̀ rárá, ó kàn máa ń ròkè sí i ni. Mo mọ̀ pé o rí i bẹ́ẹ̀, ìdí tó o fi sún ọ̀kan sẹ́yìn nìyẹn, ọ̀pọ̀ wa la ti ṣe é rí, èmi náà ṣe é fún bí ọdún méjì. Àmọ́ etí èèyàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ń tẹ̀ lé. Ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Helmut Haas ló ṣèwádìí ẹ̀ ní 1949, tí wọ́n fi ń pè é ní Haas effect dòní: tóhùn kan náà bá ti ibi méjì wá, tí ọ̀kan wá fi díẹ̀ báyìí ṣáájú èkejì, apá ibi tó ti kọ́kọ́ wá lèèyàn á rò pé gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Ti ọ̀tún lo sún sẹ́yìn, ti òsì ló wá kọ́kọ́ ń dé. Nítorí náà ẹni tó ní gìtá fì sósì ò purọ́ mọ́ ẹ, ó sì dá mi lójú pé íapíìsì ló fi gbọ́ ọ.

Ẹni tó ní garawa ńkọ́? Lọ bi í kí ló fi gbọ́ orin yẹn, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé á ní sípíkà Bluetooth kékeré kan ni, àbí fóònù tó kàn gbé lé tábìlì. Ẹnu kan ṣoṣo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní, ó máa da òsì àti ọ̀tún pọ̀ di ọ̀kan, kọ́pì méjèèjì á wá já lu ara wọn, àwọn ibì kan nínú ohùn gìtá yẹn á pa ara wọn rẹ́, ibòmíì á sì wú, ohun tó máa kù lòun ń pè ní garawa. Òótọ́ lòun náà sọ! Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì gbọ́, ohun tí wọ́n fi gbọ́ ọ ló yàtọ̀, ìwọ wá rò pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Látòní lọ, kó o tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, "kí lẹ fi gbọ́ ọ?" ni kó o kọ́kọ́ bi wọ́n.

Àtúnṣe ẹ̀ ò gba plugin (ètò àfikún inú kọ̀ǹpútà) kankan. Ta gìtá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọwọ́ ara ẹ ni kó o fi ta á, gbé àkọ́kọ́ sósì pátápátá, ìkejì sọ́tùn-ún pátápátá, ìyàtọ̀ kékeré tó wà nínú ọwọ́ ẹ nígbà méjèèjì ló máa jẹ́ kó fẹ̀. Kó o sì dín distortion (ohùn gìtá tó ń han gooro yẹn) kù ju bó o ṣe rò lọ, torí méjì ló ti dà yẹn, wọ́n á gùn lé ara wọn, ohun tó ń dùn lọ́kọ̀ọ̀kan lè di ariwo tí wọ́n bá pàdé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ohùn. Ẹni tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì mọ ibi tó ń dùn ún, àmọ́ tó bá ní àmpíkílọ́ọ̀sì ni kí wọ́n ta fóun, ìyẹn ti di nǹkan míì. Bọ̀dá bẹ́ẹ̀sì, oògùn ló júwe fún ẹ, ìwọ náà sì gbé e mì láì bèèrè ohun tó ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣe orin burú síyẹn ju àwọn tí ò ṣe é lọ (èmi náà wà níbẹ̀). Àǹtí ẹ ni tèmi. Òun ò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní mix, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń po ohùn, gìtá àti ìlù pọ̀, ó kàn sọ ohun tó ṣe é: mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn ò kéré nìyẹn o, nǹkan kan ló jókòó lé e lórí. Bí i S, T, K, F tó ń jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ mọ̀, ibi tí wọ́n ti ń dún jù wà láàárín 2 sí 5 kHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (Hz àti kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tàbí wálẹ̀ tó), ibẹ̀ náà sì ni gìtá tó bá gbóná máa ń há sí. Mú EQ, ìyẹn ohun tó ń gbé apá kan nínú ohùn sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, fi nǹkan bí 2 tàbí 3 dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) dín gìtá kù ní agbègbè 3 kHz, tó o bá mọ̀ ọ́n ṣe, jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí ohùn bá wọlé nìkan. Gé ìsàlẹ̀ gìtá náà dànù ní bí 80 sí 100 Hz, torí okùn E tó nípọn jù lórí gìtá, 82 Hz ló wà, ti bẹ́ẹ̀sì wà ní 41, kí ni gìtá tún ń wá nísàlẹ̀ yẹn? Ìgbà tó o bá ṣèyẹn tán ni kó o tó fọwọ́ kan ohùn.

Àmọ́ dúró ná o. Ṣé Yorùbá lo fi kọ orin yẹn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, pa gbogbo nǹkan yòókù, kó o fi ohùn nìkan ránṣẹ́ sí Àǹtí. Tí ò bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, gìtá ò mọwọ́ mẹsẹ̀, orin ẹ gan-an ló ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, o ní "ọkọ" àwọn èèyàn ń gbọ́ "ọkọ́". Rọ́ọ̀kì máa ń fa èèyàn sínú àṣìṣe yẹn gan-an, torí orin tí wọ́n kọ lédè òyìnbó la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn ẹ̀. Kò sí EQ tó lè tún ìyẹn ṣe, ọ̀rọ̀ lo máa pààrọ̀ tàbí kó o yí orin ẹ̀.

Ti ẹni afrobeats, kí i dáadáa kó o sì máa bá tìẹ lọ. Ohun tó fẹ́ràn ló sọ, kò sọ̀rọ̀ nípa orin ẹ. Tó bá tún ní ta ló ń gbọ́ rọ́ọ̀kì, sọ fún un pé ọmọ ilé ìwé St. Gregory's l'Ékòó làwọn Ofege, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ń ta gìtá wọn láyé 1973, ọdún kan ṣáájú ìyẹn sì làwọn BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì míì, ti bẹ̀rẹ̀, Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí dírọ́ọ̀mù.

Nígbà tó o bá tún fẹ́ fi ránṣẹ́, má gbé fóònù síwájú sípíkà kó o fi ṣe voice note o, mo mọ̀ yín! Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe voice note fún. Gba apá dọ́kúmẹ́ǹtì fi fáìlì WAV ẹ̀ ránṣẹ́. Má fi ránṣẹ́ sí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, wá ẹni méjì míì tí ò tíì gbọ́ ọ rí, kó o fi wọ́n pa mọ́, torí ẹni tó ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, á máa gbọ́ ohun tí ò sí níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀, ìdí tó o fi ń wá wọn náà nìyẹn, má wá sọ àwọn náà di ìwọ. Má sọ ohun tó o yí padà. Má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ibi tí ọkàn wọn ti kúrò lára orin náà ni kó o bi wọ́n, ìṣẹ́jú mélòó, ìṣẹ́jú àáyá mélòó. Tó o bá sì ń fún wọn ní tàtijọ́ àti tuntun pọ̀, kí méjèèjì dún dọ́gba, torí èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ni wọ́n máa mú, ì báà burú. Má torí ìyẹn máa fún orin náà mọ́ra jù kó lè pariwo o, Spotify fúnra ẹ̀ máa ń fa orin tó bá pariwo wálẹ̀ sí nǹkan bí -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí odindi orin ṣe ń pariwo tó).

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mix kẹsàn-án ni mo wà báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń rí nǹkan sọ. Ìgbà wo ni kí n dáwọ́ dúró? (Ó ti rẹ̀ mí, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Wò ó bóyá ẹni méjì ṣì ń sọ nǹkan kan náà. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tí oníkálùkù ti ń sọ tiẹ̀, tí ọ̀kan ò jọ èkejì, o ti ṣe tán, ohun tó kù ò ju pé ẹnu wọn ò lè dákẹ́. Fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí etí ẹ sinmi, kó o wá fi mix 9 wé mix 4, kí wọ́n dún dọ́gba o, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé 4 ló dáa jù. Kó o sì yọ "final" kúrò lórúkọ fáìlì yẹn kó o tó fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá ti rí "final" níbẹ̀ ò ní sọ òótọ́ fún ẹ mọ́, á kàn ní iná ni.