Lhasa yín ò bínú sí yín, ẹ̀rù ló ń bà á

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn báyìí ni ajá Lhasa yín, irú ajá kékeré onírun gígùn yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, pé ó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ó ti ha ilẹ̀kùn bàjẹ́, láǹlọ́ọ̀dù sì ti ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú ajá àti ilé. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ìkà ni àbí àkẹ́jù, àti bóyá kí ẹ ra ìkejì tì í kó lè rí ẹni bá ṣeré. Irú rẹ̀ ti ṣe mí rí ní Èkó níbí, ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Kì í ṣe ìkà, kì í sì í ṣe àkẹ́jù. Ìpayà ni, ẹ̀rù pé kó má dá wà nílé. Tanímọ̀la, ajá tèmi, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó jápa lọ sí Kánádà ló fà á lé mi lọ́wọ́, òun náà sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé mi ni ilé kẹta. Ajá tí ilé rẹ̀ ń yí báyìí wà lára àwọn tí àìsàn yìí máa ń mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ti mọ́ lára pé ènìyàn kì í kúrò nílé, tí nǹkan wá yí padà lójijì. Lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, tí gbogbo ayé padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ajá ló bá ara wọn nírú ipò yẹn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wá fóònù àtijọ́ kan, ẹ gbé e sórí fíríìjì, kó máa ya fídíò, kí ẹ sì jáde. Ohun tí mo rí nínú tèmi nìyí. Kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rárá. Ó lọ ti imú bọ àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó wà nínú oòrùn ọ̀sán, fáànù sì ń fẹ́ sí i lẹ́yìn. Itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀ títí táìlì fi tutù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ha ilẹ̀kùn, ó ha á títí ẹ̀jẹ̀ èékánná fi yí ọ̀dà funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá gbé orí sókè, ó hu. Iwe adìyẹ tí mo sè sílẹ̀ fún un, kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ọ̀kánjúwà ajá ni o, tó bá jẹ́ pé mo wà nílé, kò ní jẹ́ kó tutù. Ajá tó ń fìyà jẹ olówó rẹ̀ kì í fi ẹran sílẹ̀.

Ti bẹ́ẹ̀dì tó ń tọ̀ sí: ibẹ̀ ni òórùn ara yín pọ̀ sí jù, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kò sì mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ́. Ẹ tún sọ pé ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀, torí pé bí ẹ bá wọlé, á dorí kodò, á máa wo yín láti abẹ́ àga. Alexandra Horowitz, olùwádìí ìwà ajá ní Barnard College ní New York, ti dán èyí wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2009: ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn máa ń yọ nígbà tí olówó ajá bá ń bá a wí, ajá náà ìbáà ṣẹ̀, ìbáà má ṣẹ̀. Ojú yín ló ń kà. Tí ẹ bá wá nà án nígbà tí ẹ wọlé, tàbí kí ẹ fi imú rẹ̀ gbá ìtọ̀, ẹ̀rù ìpadàbọ̀ yín lẹ ń fi kún ẹ̀rù ìjáde yín.

Fídíò yẹn náà ló máa sọ fún yín bóyá nǹkan mìíràn ni. Ajá tí ilé kàn sú máa ń sùn, á jí, á jẹun, á wá rántí bàtà yín. Ti ìpayà kì í dúró pẹ́, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ibi ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni ìbàjẹ́ sì máa ń pọ̀ sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá dún tàbí tí àrá bá sán ló ń ké, ariwo ló ń bà á lẹ́rù. Tó bá ń tọ̀ kiri bí ẹ tilẹ̀ wà nílé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ajá àgbà tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ìwà yìí gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ẹ tó máa kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ẹni tó bá sún mọ́ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì tó wà níbẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ bi yín: wákàtí mélòó lẹ fi ń wà níta? Tó bá jẹ́ pé aago márùn-ún ìdájí lẹ ń jáde, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì ń gbé yín dé ní mẹ́sàn-án alẹ́, ajá tó kéré báyẹn kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ìbáà balẹ̀ bí omi àmù. Ẹ wá ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn fún un lọ́sàn-án.

Kéèjì ńkọ́? Ẹ má ṣe é. Ajá tí ìpayà bá mú nínú kéèjì lè fi irin ká eyín ara rẹ̀. Ajá kejì ńkọ́? Ènìyàn ni ajá yín ń ṣàfẹ́rí, kì í ṣe ajá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ méjì ni yóò máa hu fún láǹlọ́ọ̀dù. Rédíò ò burú láti fi bo ariwo òpópónà, àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jáde nìkan lẹ ń tan án, rédíò gan-an á di àmì ìjáde. Àwọn kan á ní kí ẹ má kí i tí ẹ bá wọlé. Èmi ò gba ìyẹn gbọ́. Mo ń kí tèmi, mi ò kàn ń pariwo ni.

Ibi tó le jù nìyí, ọ̀pọ̀ kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ: ní gbogbo àsìkò tí ẹ bá fi ń kọ́ ọ, kò gbọ́dọ̀ dá wà kọjá ibi tí ara rẹ̀ gbà. Gbogbo ọjọ́ tó bá fi páyà ń ba iṣẹ́ àná jẹ́. Màmá tó ń ta póróvísọ̀n nísàlẹ̀ ilé wa ló gbà mí. Abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni Tanímọ̀la ń sùn, èmi náà ń ra ohun tí mo fẹ́ àti èyí tí mi ò fẹ́ lọ́wọ́ wọn. Alájì tó wà lókè kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun, ẹ̀tọ́ wọn ni, mo máa ń gbé e mọ́ra gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá. Ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò yín sọ̀rọ̀, kí láǹlọ́ọ̀dù mọ̀ pé ẹ ń wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó mọ̀ pé àìsàn ni ń ṣe ajá máa ń ní sùúrù díẹ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ gan-an wá kù. Kọ́kọ́rọ́, bàtà, báàgì, lọ́fínńdà, gbogbo wọn ni ajá yín ti mọ̀. Tèmi, kọ́kọ́rọ́ ò tíì dún tán tó fi ń dìde. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú kọ́kọ́rọ́, mo ń gbé e rìn yí pálọ̀ ká, mo gbé e sílẹ̀, mo jókòó. Mo wọ bàtà iṣẹ́ jẹ àmàlà. Mo gbé báàgì kọ́ èjìká fọ abọ́. Ó ń wò mí, ó ń wò mí, títí ó fi sú u, tó gbé orí lélẹ̀. Kó sú u ni mo ń wá.

Ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ ṣí i, ẹ tì í, ẹ má jáde. Lẹ́yìn náà ẹ jáde kí ẹ sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, mẹ́wàá, kí ẹ padà sí mẹ́ta, kó má baà rò pé gígùn ló ń gùn sí i lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ gbọ́dọ̀ wọlé kí ìpayà tó bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ máa wò ó lórí fóònù láti ìta: tó bá ń yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún, tó ń lá ètè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, ẹ ti pẹ́ jù nìyẹn. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ló máa gba sùúrù yín. Nígbà tí tèmi lè dá wà fún bí ogójì ìṣẹ́jú, wákàtí méjì kò jìnnà mọ́.

Ẹ lè fi oúnjẹ tì í lẹ́yìn: iwe tàbí ẹ̀dọ̀ tí ẹ sè lásán, láìsí alùbọ́sà, torí májèlé ni alùbọ́sà jẹ́ fún ajá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ ká a sínú táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́, kó máa tú u. Tó bá kọ̀ ọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ ti jìnnà jù, ẹ dín àkókò kù.

Oògùn wà fún un, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí clomipramine fún àìsàn yìí lára ajá lọ́dún 1998, wọ́n sì fọwọ́ sí fluoxetine lọ́dún 2007, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Dókítà ẹran ni kó wọn ajá kó tó sọ iye tí yóò lò, ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì fúnra yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ fún un ní acepromazine, oògùn tó ń mú ara rọ̀, nìkan kó lè sùn, ẹ ní kó ṣàlàyé dáadáa: ara lè rọ̀ kí ẹ̀rù ṣì wà nínú.

Ẹ máa retí ìfàsẹ́yìn. Tí ẹ bá kó ilé, tí àlejò tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín bá lọ, tàbí tí ẹ bá lo gbogbo ìsinmi Kérésì nílé pẹ̀lú rẹ̀, ó lè tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn padà sí ìṣẹ́jú tó ti lè dá wà láìké, kí ẹ tún gba ibẹ̀ bọ̀, kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ẹ ya fídíò náà ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ ìṣẹ́jú tó kọ́kọ́ ké fún wa, ká lè mọ ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí.