Ilé ìwé ń lọ sí ọlidé: ṣé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ọmọ mi ò ní kó bá físà wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Leeds la wà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó la bá wọ̀lú, "no public funds" sì wà lórí físà wa, ìyẹn ni pé a ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọmọ kan ṣoṣo la ní, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Látìgbà tí wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ mi kù, ilé ìwé ló ń fún un lóúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlidé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti dé tán báyìí, wọ́n sì fi lẹ́tà rán an wálé pé àyè wà fún un níbi eré ọlidé kan tí wọ́n ti ń jẹun. Bàbá ẹ̀ ní ká má fọwọ́ kàn án, pé Home Office, àwọn tó ń rí sí físà, á kà á sí wa lọ́rùn. Kí ni ká ṣe?
Ìyá Tólú

Ìyá Tólú, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Tólú pé oúnjẹ ilé ìwé ò sí lára ohun tí òfin físà ń pè ní public funds. Universal Credit, child benefit àti irú owó ìrànwọ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Láti 2022 ni wọ́n ti fi í lélẹ̀ ní England pé ọmọ tí físà òbí ẹ̀ rí bíi tiyín lè jẹ ẹ́, bí owó tó ń wọlé bá kéré. Fún ọlọ́mọ kan tí kò gbé London, £22,700 lọ́dún ni wọ́n fi ṣe gbèdéke nígbà náà. Ẹ ò jalè.

Ibi eré tí wọ́n kọ̀wé ẹ̀ yẹn, HAF (Holiday Activities and Food, eré àti oúnjẹ ọlidé) ni wọ́n ń pè é; láti 2021 ló ti wà káàkiri England. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ o. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré nínú mẹ́fà. Èyí tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, torí kì í pẹ́ kún.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ ṣọ́ra fún ni fáúṣà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn kánsù (ìjọba ìbílẹ̀) kan máa ń pín nígbà ọlidé. Ìyẹn lè jẹ́ owó ìrànwọ́ kánsù, òfin físà sì ka irú ẹ̀ mọ́ public funds. Ẹ bi wọ́n léèrè àpò tó ti jáde kẹ́ẹ tó gbà á. Ti food bank ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ò ní wàhálà.

Èmi náà mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa. Ní 2020 tí kòrónà ti ilé ìwé pa, Year 3 làwọn ìbejì mi wà, físà tiwa náà ò gbà ká gba owó ìjọba. Oṣù kẹrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún irú wa. Fáúṣà £15 ni wọ́n fi ń dípò oúnjẹ ilé ìwé lọ́sẹ̀ fún ọmọ kan. Àmọ́ ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tá a ti ń gbà á kì í ṣí lọ́sàn-án! Aago méjì òru ni mo máa ń jí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ò ka nọ́ńbà náà. Èrò tò sẹ́yìn wa, ẹyin, ìrẹsì àti ata rodo mi wà lórí káńtà, Kẹ́hìndé wá pariwo pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n fẹ́ gba ata wa ni?" Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Ìjọba tiẹ̀ ní àwọn ò ní pín fáúṣà nígbà ọlidé ọdún yẹn. Marcus Rashford, agbábọ́ọ̀lù, ọmọ Wythenshawe tí ò jìnnà sí wa ní Manchester níbí, tóun náà jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní kékeré, ló kọ̀wé sí wọn lóṣù kẹfà. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí wọ́n fi yí ohùn padà: £90 fún ọmọ kan. £180 wọlé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti tún físà ṣe látìgbà náà, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè oúnjẹ.

Bí fọ́ọ̀mù bá bèèrè ohun tí Tólú kì í jẹ, ẹ kọ ọ́ o. Táíwò mi kì í jẹ ṣíìsì, mi ò kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń gbé sáńwíìṣì bọ̀ wálé nínú àpò ẹ̀.
Ìyá Ìbejì, Manchester